Ògiri Tí Màmá Ní Kí A Pa Rẹ́

Láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá ni àwọn èèyàn ti ń yìn wọ́n, ohun tó sì ń kọ mí lóminú nìyẹn. Ìyá tó bá ìdajì ọjà Àpòmù jà nígbà ayé wọn, báwo ló ṣe di pé kò sí ẹni tó ní ẹjọ́ kankan láti rò mọ́? Àwọn tí Màmá kì í dá lóhùn ti ń sọ kiri pé ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ ni àwọn àti ìyá náà. Èmi ń wò wọ́n. Ọwọ́ Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ti dàgbà, ojú tí wọ́n fi ń wo ayé ni mo sì jogún. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín sí mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Lára àwọn tó wá yìn wọ́n ni ọ̀gá àgbà tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Àgùdà, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà, ní ojú ọ̀nà tó ti Ìkirè wá sí Àpòmù. Ọkùnrin náà jókòó sí pálọ̀ wa, ó fi áńkáṣífù nu ojú, ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti pinnu pé iṣẹ́ ọwọ́ Màmá tó wà lára ògiri ilé àdúrà àwọn kò gbọdọ̀ parun láé. Wọn yóò fi fánísì kùn ún, omi kò ní ràn án, eruku kò ní ràn án. Bùrọ̀dá Jákọ́bù, àbúrò bàbá mi, ń mi orí, omi sì lé ròrò sí ojú wọn.

Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀. Màmá ti sọ fún mi lórí ẹní tí wọ́n kú sí pé, "Tí mo bá ti lọ, kí ẹ pa ògiri yẹn rẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ síbẹ̀." Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá àgbà náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Ta ló sọ fún un? Ṣé ó wà níbẹ̀ ni?

Kí àwọn olùyìn tó fi ìyìn bo Màmá mọ́lẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Màmá kì í jókòó kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Àpótí wọn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, wọn á kọjú sí ìta gbangba. Bí o bá kí wọn pé ẹ kú ilé, "Ta ló rán ọ?" ni wàá gbọ́. Kì í ṣe pé inú ń bí wọn. Níbi tí ẹlòmíràn ti máa sọ pé káàbọ̀, ohun tí Màmá máa ń sọ nìyẹn. Àlejò tí kò mọ̀ wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àlàyé, àlàyé rẹ̀ á gùn, Màmá á sì tún fura sí i nítorí pé àlàyé rẹ̀ gùn.

Wọ́n fẹ́ràn dòdò Ìkirè, ṣùgbọ́n wọn kò fọkàn tán an. Bí ìyá mi bá lọ kí àwọn èèyàn wọn ní Ìkirè, wọn kì í ṣàì ra díẹ̀ bọ̀. Màmá á tú ewé rẹ̀, wọ́n á gbé e sí imú, wọ́n á yí i sí ọ̀tún, wọ́n á yí i sí òsì. "Ohun tó dúdú tó báyìí, kí ló ń fi pamọ́?" Ìyá mi á ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ni, àti ata, àti epo. Màmá á jẹ ọ̀kan, wọ́n á tún mú òmíràn. Kí a tó mọ̀, ó ku ewé. Nígbà tí ìyá mi bá wá bèèrè bóyá ó dùn, Màmá á nu ọwọ́ wọn, wọ́n á ní, "Mi ò mọ̀. Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Ìyẹn jẹ́ ohun ẹ̀rín. Ti ọbẹ̀ ìyá mi kì í ṣe ohun ẹ̀rín rárá. Ìkirè kò jìnnà sí Àpòmù, ṣùgbọ́n lójú Màmá, ẹni tí a kò bá mọ ìyá ìyá rẹ̀, àjèjì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í fi ọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyá mi bá sè àfi tí mo bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n á pè mí, wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á máa wo ọ̀nà ọ̀fun mi bí mo ṣe ń gbé e mì. Ìyá mi á dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á máa fi etí ìró nu ọwọ́ tí kò tutù. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ní, "Màmá, ọmọ yín náà ló ń jẹ ẹ́." Màmá dáhùn pé, "Ọmọ mi ni òun. Ìwọ ńkọ́?"

Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ náà. N kò ní torí pé Màmá ti kú kí n wá sọ pé wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀. Wọn kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, ọwọ́ ìyá mi nìkan ni wọ́n gbà láti jẹun, wọn kò sì pè mí wá tọ́ ohunkóhun wò mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi gbé wọn jókòó, wọ́n fi àyà gbé wọn ró, wọ́n ń fi ṣíbí fún wọn ní ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá gbé e mì, wọ́n wo ojú ìyá mi títí. Wọ́n ní, "Ọbẹ̀ yìí dára. Ó ti pẹ́ tó ti ń dára."

Ó yẹ kí n sọ ti iṣẹ́ wọn, nítorí òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni Màmá, ọkọ ló gbé wọn wá sí Àpòmù. Nínú ilé tí wọ́n ti bí wọn, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ilé òòṣà: ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, èédú tí wọ́n pò mọ́ omi èlú fún dúdú. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fa ìlà, ìka ni wọ́n fi ń kan tótòtó. Lọ́dọọdún, kí ọdún òòṣà tó dé, wọ́n á fi amọ̀ pa kíkùn èṣí rẹ́ pátápátá, bó ti wù kó dára tó. Nígbà tí ògiri bá gbẹ, ẹni tó ni ilé náà á lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń kùn ún, á pè é. Ẹni náà á dáhùn, á wá, á tún un ṣe. Bí ẹni náà bá ti kú, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò dáhùn. Ògiri tí wọn kò bá pa rẹ́, ẹni tó kùn ún ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò pè é mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ilé ahoro nìkan ni kíkùn ti ń gbó sí ara ògiri.

Bí Fadá ṣe dé ilé wa, mo wà níbẹ̀, mo ń fọ abọ́. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ni, òun ni ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gùn kiri. Ó ti dúró pẹ́ ní iwájú ilé òòṣà tí Màmá kùn ní Àpòmù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi rò pé olè ni, kí wọ́n tó wá júwe ilé wa fún un. Kò mọ̀ pé ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀, ó bá kúnlẹ̀ bí obìnrin. Màmá wo ọwọ́ rẹ̀. Wọn kò pè é ní ẹ̀yin láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú. Èmi náà kò ní pè é ní wọ́n nínú ìtàn yìí, kí Màmá má baà bínú.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Ìyá. Ògiri yín ni mo rí."

"Kí lo fẹ́ tà?"

"Mi ò ta nǹkan kan."

"Kí lo fẹ́ rà?"

"Mi ò ra nǹkan kan."

"Ẹni tí kò tà, tí kò rà, olè ló kù."

Fadá rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀yìn tì fi ṣubú. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì òun ń kàwé, wọ́n sì ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wọ ilé àdúrà, kò sí ohun kan níbẹ̀ tó mọ orúkọ bàbá wọn. Gbogbo àwòrán ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé. Ó fẹ́ kí Màmá wá kun ògiri tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. "Ìyá, ìgbàgbọ́ tí kò bá wọ aṣọ ìlú, àlejò ni yóò máa jẹ́ títí."

Màmá tún wo ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n bọ́ aṣọ náà?"

Fadá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ó tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún lé e. Ó ń wá ṣáá.

Ohun tó mú Màmá gbà níkẹyìn kì í ṣe ìfẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá àgbà tuntun yẹn tàn yín. Bùrọ̀dá Jákọ́bù wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nígbà yẹn. Òṣàgbèmí ni Màmá sọ wọ́n, ilé ìwé ló sọ wọ́n di Jákọ́bù. Bí wọ́n bá wá lo ìsinmi, wọ́n á gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun, wọn kò sì ní bá wa dé ilé òòṣà mọ́. Màmá ń wò wọ́n láti orí àpótí. Lọ́jọ́ kan tí Fadá dé, Màmá kàn sọ pé, "N ó wá kùn ún, kí n lè mọ ohun tí ẹ ń fi ọmọ mi ṣe níbẹ̀."

Èmi ni mo bá wọn ru igbá àwọ̀. Màmá kun oṣù, wọ́n kun àmọ̀tẹ́kùn, wọ́n kun ẹyẹ, wọ́n wá kun ejò ńlá kan yí gbogbo rẹ̀ ká, tótòtó funfun kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ejò yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ wọ ilé àdúrà, wọ́n ní ejò kọ́, Sátánì ni. Àwọn òbí wọn ti ju òòṣà nù kí àwọn tó dé ibí, Fadá wá ń gbé e padà wọlé fún àwọn! Ọ̀kan nínú wọn sọ pé bóyá Fadá kàn fẹ́ dán àwọn wò ni, kó lè mọ ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Bí wọ́n bá ti nà ọ́ lórí nǹkan kan láti kékeré, tí wọ́n wá ní kí o máa bọ̀ wá jẹ ẹ́, ṣé o kò ní fura?

Màmá kò bojú wẹ̀yìn. "Ṣé kò sí ejò nínú ìwé yín ni?"

"Ó wà, Màmá. Òun ló tan Éfà jẹ."

"Ẹ ò rí nǹkan. Ó ti wà nínú ilé kí n tó dé."

Fadá ní láti jáde síta kó lè rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí Fadá kò gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi Bùrọ̀dá Jákọ́bù léèrè ẹni tí ìyá arúgbó yìí jẹ́. Bùrọ̀dá wolẹ̀. Wọ́n ní, "Obìnrin kan tí Fadá gbé iṣẹ́ fún ni." Mo rí ẹ̀yìn Màmá. Ìka wọn dúró lára ejò náà díẹ̀, ó sì tún ń lọ. Nígbà tí a ń padà sílé, Màmá dúró nídìí igi àgbàlùmọ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ yẹn ti ń wọ ọmọ mi lára."

Ọdún yí po. Àsìkò tí wọ́n ń pa ògiri rẹ́ dé. Màmá lọ osùn, wọ́n wá ẹfun, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń retí Fadá. Fadá kò wá. Wọ́n ní bóyá iṣẹ́ pọ̀ fún un ni. Wọ́n ní bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yí i lọ́kàn padà. Nígbà tó yá, gbogbo ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá ni wọ́n ń na ọrùn wò. Bùrọ̀dá Jákọ́bù ló wá dé pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀. "Màmá, ẹ bá mi yọ̀! Fadá ti fi fánísì kun iṣẹ́ yín, kò ní parẹ́ mọ́ láéláé. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá bù kún un lọ́jọ́ Sátidé."

Àkàrà wà lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n gbé e kalẹ̀. "Wọ́n ti sọ mí di ahoro," ni wọ́n wí.

Wọn kò jẹun dáadáa títí di Sátidé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n po amọ̀, wọ́n gbé e rù mí, a lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní pápá, wọ́n ń fi orin palẹ̀ mọ́ de Bíṣọ́ọ̀bù. Ilé àdúrà ṣí sílẹ̀, òdòdó ti wà lórí pẹpẹ. Ògiri náà ń dán bí àwo. Màmá bu amọ̀ ẹ̀kúnwọ́, wọ́n gbá a mọ́ orí ejò náà. Amọ̀ yọ̀, ó jábọ́. Wọ́n bu òmíràn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òun náà yọ̀ wá sílẹ̀. Wọ́n ń bù ú, ó ń jábọ́, gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri ti di ẹrọ̀fọ̀, ejò náà ṣì ń dán lókè. Ni Màmá bá jókòó sínú amọ̀, wọ́n bú sẹ́kún. N kò rí i rí, n kò sì tún rí i mọ́. Ẹ̀rù bà mí ju bí ẹni pé wọ́n lù mí lọ.

Fadá wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Àwọn tíṣà tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dí ẹnu ọ̀nà pa. Ó wo amọ̀, ó wo Màmá.

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

"O sin mí láàyè."

Fadá ṣàlàyé títí. Ó ní ìfẹ́ ló mú òun ṣe é, pé nílùú tòun, ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn, kì í jẹ́ kó parẹ́. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Nílùú tèmi, ohun tí a bá fẹ́ràn là ń tún ṣe. O ò pè mí. Mo jókòó, mo ń retí rẹ."

Fadá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n lọ mú ọ̀bẹ wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ha fánísì náà kúrò, pẹ̀lú oṣù, pẹ̀lú àmọ̀tẹ́kùn. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, pé ìyá yìí ti fi nǹkan sí Fadá lára. Fadá na ọ̀bẹ kejì sẹ́yìn láì wo ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó mira. Ọdún tí Bùrọ̀dá Jákọ́bù máa jáde nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé etí Bíṣọ́ọ̀bù lódì, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lé ni wọ́n. Mo ń wo ojú wọn, wọ́n ti funfun bí ẹfun. Bùrọ̀dá gba àárín àwọn èèyàn kọjá, wọ́n gba ọ̀bẹ náà.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù dé, ògiri játijàti ló bá. Ó bèèrè ibi tí àwòrán wà. Fadá ní ó ń bọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wá nawọ́ sí Màmá, ó bèèrè ẹni tí ìyá yìí jẹ́, Fadá sì ń gbọn eruku lára ọ̀bẹ bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ìyá mi ni," ni Bùrọ̀dá wí. "Èmi ni Òṣàgbèmí, ọmọ wọn."

Mo rò pé Màmá máa gbá wọn mọ́ra. Wọ́n kàn wo ọwọ́ Bùrọ̀dá ni. "Lọ fọ ọwọ́ rẹ. Àlejò wà nílé."

Láti ọdún náà, Fadá kò tún jẹ́ kí àsìkò kọjá mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pa ògiri rẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá dúró sí ìta gbangba wa, á ké pé, "Ìyá, ògiri ti ṣófo o!" Màmá á ti rí i láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ta ló rán ọ?" Fadá á ní, "Ògiri ló rán mi." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ní, "Máa lọ. Mò ń bọ̀." Nígbà wẹ́tìẹ pàápàá, tí wọ́n ń sun ilé káàkiri, tí baba kò gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ, Fadá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá láàárín èéfín. Màmá tún bi í bẹ́ẹ̀. Ó tún dáhùn bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, bóyá òun nìkan ni ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ tẹ́ Màmá lọ́rùn.

Síbẹ̀ wọn kò yé fura sí i. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni pé Fadá kò fi ìrìbọmi lọ̀ wọ́n rí. Lọ́dún kan wọ́n bi í. "Kí ló dé tí o kò tíì ní kí n wá ṣe ìrìbọmi?"

"Ṣé ẹ fẹ́ ṣe é ni, Ìyá?"

"Mi ò fẹ́."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Ó ti lọ tán kí Màmá tó sọ fún mi pé, "Ṣọ́ ọkùnrin yẹn. Ẹni tí kò bi mí ní ìbéèrè, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ ìsìnkú. Fadá ti darúgbó, kì í ṣe ọ̀gá mọ́, iṣẹ́ ilé àdúrà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kò yin Màmá, kò bá mi sọ̀rọ̀, kò bèèrè nǹkan kan. Mo ní há, ó ti gbà fún ọ̀gá àgbà tuntun. Fánísì rẹ̀ àtijọ́ ló tún fẹ́ padà sí.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà kúrò ní pálọ̀ wa, èmi àti Bùrọ̀dá Jákọ́bù fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí ohunkóhun má ṣẹ́ kù nípa ìyá mi láyé ni?" Mo ní Màmá ló ní kí á pa á rẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ." Ó dùn mí dé egungun. Nínú ilé Màmá, ó kàn mí láti di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Èyí tó burú jù ni pé èmi náà fẹ́ kí ògiri náà wà. Gbogbo ilé òòṣà tí Màmá kùn, àwọn obìnrin mìíràn ti pa wọ́n rẹ́, wọ́n ti kun tiwọn. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ló kù. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn èèyàn ti tú ká. Mo gbé ìka mi lé ọ̀kan nínú tótòtó ẹ̀yìn ejò náà, ibi tí ìka Màmá ti tẹ̀ ẹ́, ó sì bá ìka mi mu. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí, mi ò lè ṣe é," mo sì padà sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi fánísì kùn ún, n kò lè ránṣọ. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ìkirè, ṣùgbọ́n n kò lọ. Orí àpótí Màmá ni mo jókòó sí, mo kọjú sí ìta. Mo rí àwọn méjì tó ń bọ̀. Fadá ló wà níwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, amọ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Bùrọ̀dá Jákọ́bù wà lẹ́yìn, amọ̀ wà ní eékún ṣòkòtò wọn, ojú wọn pọ́n, wọn kò sì lè wò mí. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró, wọ́n ń fi etí ìró nu ọwọ́.

Fadá dúró síbi tó máa ń dúró sí.

"Ìyá, ògiri ti ṣófo o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ronú pé arúgbó ti ń mú un, ó ti gbàgbé pé a ti sin wọ́n. Mo wo ọwọ́ rẹ̀: amọ̀ ni, kò sí fánísì níbẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀: èmi ló ń wò. N kò kun ògiri kan rí láyé mi. Mo bá wọn ru igbá ni, mo bá wọn po àwọ̀ ni. Ṣé èmi ló ń pè lóòótọ́, àbí ó kàn ń ṣàánú mi? Ṣé ó mọ̀ pé bí mo bá lọ, ọwọ́ mi lè máà jọ ọwọ́ wọn?

"Ta ló rán yín?"

Fadá fi ọwọ́ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ nu ojú, amọ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ògiri ló rán mi."

Mo dìde lórí àpótí. Igbá àwọ̀ Màmá wà ní ìsàlẹ̀ ibùsùn wọn, ibi tí wọ́n máa ń gbé e pamọ́ sí fún olè.

"Ẹ máa lọ," ni mo wí. "Mò ń bọ̀."